Ẹni Tí Kò Fojú Rí Ọjà Kó Tó Sanwó

(Àǹtí Wúrà ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn. Kọ́lá, àbúrò rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé.)

WÚRÀ: Kọ́lá, gbé ẹ̀rọ yẹn kalẹ̀ jàre. Má fi iná sí i, kó má baà dá wàhálà sí wa lọ́rùn. Ẹ̀rọ ìlọta tí mo rà lórí Instagram nìyẹn. Tàtàṣé àkọ́kọ́ tí mo dà sínú rẹ̀ kò tíì fọ́ tán tí òórùn wáyà tó ń jó fi gba gbogbo ilé ìdáná. Mo pa á, mo tún tàn án, kò dún mọ́.

KỌ́LÁ: Ẹ sì sọ fún ẹni tó tà á?

WÚRÀ: Mo sọ, mo bẹ̀, mo bínú. Ó ní àwọn kì í gba ọjà padà, pé àwọn ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Ìgbà tí mo ní kó fún mi ní àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bílọ́ọ̀kù mi. ₦35,000 wọgbó bẹ́ẹ̀. Mo ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

KỌ́LÁ: Ẹ má tíì fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Òfin ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ń bọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò, wọ́n fún un ní ọjọ́ 14 láti tún inú rò. Ọjọ́ kejì tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń kà á. Kò dìgbà tí ẹrù bá bàjẹ́. Kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé. Kó ṣáà ti ní òun kò ṣe mọ́, ó parí.

WÚRÀ: Òun kò ṣe mọ́ bí i ti báwo? Nígbà tó ti sanwó tán?

KỌ́LÁ: Bẹ́ẹ̀ ni o! Ó yà mí lẹ́nu títí. Mo ra bàtà kan, ó há mi lẹ́sẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé mo fẹ́ dá a padà, wọ́n fi àmì kan onígun mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé páálí bàtà náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Peckham, níbi tí mo ti máa ń ra iṣu àti gààrí. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń wọn ata rodo fún ìyá kan lọ́wọ́. Ó gbé ata sílẹ̀, ó na ẹ̀rọ kékeré kan sójú fóònù mi, ó dún píì. Ó lẹ bébà mọ́ páálí, ó jù ú sínú àpò ńlá kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó já rìsíìtì fún mi, ó padà sídìí ata rẹ̀. Kò bi mí pé kí ló ṣe bàtà. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo owó mi fi wọ báńkì padà.

WÚRÀ: Ìwọ Kọ́lá wá fò kọjá òkun láti lọ máa ra gààrí ní ṣọ́ọ̀bù tó ń gba bàtà! Ṣé gààrí Ìjẹ̀bú ni, àbí ìyẹ̀fun lásán?

KỌ́LÁ: Gààrí Ìjẹ̀bú ni, ó sì kan dáadáa. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ wa.

WÚRÀ: Ó kan! Ọmọ tí kì í mu gààrí nígbà tó wà nílé. Ó dáa, ọ̀rọ̀ wa náà dà? Mo ti gbọ́ ti bàtà. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í tajà, ìdí nìyẹn tó fi dùn lẹ́nu rẹ. Obìnrin kan ra búbù rírán lọ́wọ́ mi ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé e dé lọ́jọ́ Ajé, ó ní kò bá òun lára mu. Mo tú u wò, epo ọbẹ̀ wà lápá ọ̀tún, òórùn lọ́fínńdà kún ọrùn rẹ̀. Ó ti gbé e lọ sóde! Ṣé kí n dá owó rẹ̀ padà fún un nítorí pé àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe bẹ́ẹ̀?

KỌ́LÁ: Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́hùn-ún náà, àwọn oníṣòwò ń pariwo wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti lé wọn pé kí wọ́n má rajà lọ́dọ̀ àwọn mọ́. Ṣùgbọ́n òfin ti rò ó. Bí ẹ bá lo ọjà náà kọjá kí ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò, oníṣòwò lè yọ nínú owó tó fẹ́ dá padà. Aṣọ tí wọ́n bá rán fún yín ní ìwọ̀n ara yín, ẹ kò lè kàn ní ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́. Oúnjẹ tó máa ń tètè bàjẹ́ náà kò sí nínú rẹ̀.

WÚRÀ: Ìyẹn ló mú mi kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi: "Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà." Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ síwájú.

KỌ́LÁ: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni oníbàárà máa ń ṣe kó tó sanwó fún yín ní Gbági?

WÚRÀ: Ṣé o kò mọ̀ ni? Á tú aṣọ sílẹ̀. Á gbé e síta kó wo àwọ̀ rẹ̀ lójú oòrùn. Á fi ìka ra á, á wo etí rẹ̀ bóyá ó ní ihò, á ní kí n wọn ọ̀pá rẹ̀ lójú òun. Lẹ́yìn náà á wá ná an títí ẹnu á fi gbẹ àwa méjèèjì. Kí ló tún kù tó fẹ́ gbé padà fún?

KỌ́LÁ: Ohun tí òfin wọn rò gan-an lẹ sọ yẹn! Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wo aṣọ, tó rà á, òfin kò fún un ní ọjọ́ 14 kankan. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá gbà á padà nítorí pé ọkàn rẹ̀ yí, ìwà ọmọlúàbí tirẹ̀ ni. Ẹni tó rà á lórí fóònù ni wọ́n ro tirẹ̀. Ta ló tú aṣọ fún onítọ̀hún? Ìka wo ló fi ra á? Àwòrán ló rí, ẹni tó fẹ́ tajà ló sì yà á. Ọjọ́ 14 yẹn ni oòrùn tó fi ń wo àwọ̀ aṣọ tirẹ̀. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí níbẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ méje ni wọ́n fún oníbàárà nígbà náà. Òfin ọdún 2013, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ló sọ ọ́ di ọjọ́ 14. Tí ẹ bá ti sọ pé ẹ kò ṣe mọ́, ọjọ́ 14 mìíràn tún wà láti fi gbé e padà, oníṣòwò náà sì ní ọjọ́ 14 láti san owó tí ó bá ti gba ẹrù rẹ̀. Bí oníṣòwò kò bá sọ fún oníbàárà pé ó ní ẹ̀tọ́ yìí, ẹ̀tọ́ náà lè gùn tó ọdún kan lé e lórí.

WÚRÀ: Ìyẹn ti ẹni tí inú rẹ̀ kàn yí padà. Ti èmi yìí tí ẹ̀rọ jóná mọ́ lọ́wọ́ ńkọ́?

KỌ́LÁ: Ìyẹn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ọdún 2015 ní bí ọjà bá ní àbùkù, ẹ ní 30 ọjọ́ láti gbé e padà kí ẹ sì gba gbogbo owó yín, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ ti rà á, ìbáà jẹ́ orí fóònù. Bí orí fóònù lẹ ti rà á, oníṣòwò ni yóò san owó ọkọ̀ ẹrù. Tí 30 ọjọ́ bá kọjá, ó ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan láti tún un ṣe tàbí láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá tún ṣiṣẹ́, owó dà? Bí àbùkù bá sì yọjú láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, òfin gbà pé ó ti wà níbẹ̀ láti ilé oníṣòwò. Òun ló máa fi hàn pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

WÚRÀ: Kò sí olè nílùú yẹn ni? Ìwọ ń sọ ọ́ bí ẹni pé áńgẹ́lì ló ń tajà níbẹ̀.

KỌ́LÁ: Olè wà níbẹ̀ dáadáa. Àwọn kan á gba owó, wọn á sì pòórá. Ọjọ́ 14 yẹn kò sì kan ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò, tó kàn ń ta àga ilé ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi máa ń lo káàdì tó ń yáni lówó, nítorí òfin ọdún 1974 ní bí iye owó ọjà bá ju ọgọ́rùn-ún páùn lọ, tí kò sì ju 30,000 lọ, báńkì àti oníṣòwò ni wọ́n jọ jẹ gbèsè náà. Bí oníṣòwò bá sá, ẹ dojú kọ báńkì.

WÚRÀ: O ṣeun. Lọ́ńdọ̀nù dára. Ìbàdàn la wà báyìí.

KỌ́LÁ: Ìbàdàn náà ní òfin! Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ sọ ọ́ kedere: ọjà tí oníbàárà kò láǹfààní láti yẹ̀ wò kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, tí kò bá rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀, tàbí tí kò dára tó bó ṣe yẹ, ó lè kọ̀ ọ́ láìpẹ́ tó bá dé, kó sì gba gbogbo owó rẹ̀ padà. Àwa náà ní in. Àkọlé "a kì í dá owó padà" kò lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́. A kàn fi òfin náà sílẹ̀ ni, eruku ń bò ó.

WÚRÀ: Òfin inú ìwé. Ṣé nítorí ₦35,000 ni màá ṣe lọ gba lọ́yà? Owó lọ́yà á ju owó ẹ̀rọ lọ.

KỌ́LÁ: Èkó ti dá ilé ẹjọ́ gbèsè kéékèèké sílẹ̀ láti ọdún 2018, fún gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Èèyàn lè dúró fún ara rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti tẹ̀ lé e.

WÚRÀ: Ta ni màá wá pè lẹ́jọ́? Orúkọ òdòdó ló fi sójú ìwé rẹ̀, fọ́tò òdòdó ló fi ṣe ojú.

KỌ́LÁ: Òdòdó kò ní àkáǹtì. Àkáǹtì tí ẹ fi owó sí ní orúkọ èèyàn, BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì fi mọ onítọ̀hún, sì wà lára rẹ̀. Báńkì kò ní sọ fún yín lẹ́nu lásán, ṣùgbọ́n bí ilé ẹjọ́ bá béèrè, wọn á sọ. Bó tilẹ̀ bílọ́ọ̀kù yín, gbogbo ohun tí ẹ jọ sọ ṣì wà lórí fóònù yín. Ẹ yà á ní fọ́tò lónìí.

WÚRÀ: Lọ́jọ́ mìíràn, ọjà tó bá délé ni màá san owó rẹ̀, bí Jumia àti Konga ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012. Kí ọlọ́kadà dúró kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

KỌ́LÁ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Àwọn tí ẹ ń fi fọ́tò léèsì ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp ní Àbújá, ta ló ń tú aṣọ fún wọn?

WÚRÀ: Ìwọ ọmọ yìí! O fẹ́ fi èmi wé olè tó ń ta ẹ̀rọ jíjó?

KỌ́LÁ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn béèrè ni. Bí léèsì bá dé Àbújá tó ní ihò láàárín ńkọ́?

WÚRÀ: Gbọ́ ìdájọ́ mi. Ẹni tó wá sí Gbági, tó tú aṣọ, tó ná an, tó gbé e lọ, ọ̀rọ̀ tiwa ti parí, àfi bí àbùkù bá fara sin sínú rẹ̀. Ẹni tí mo fi aṣọ ránṣẹ́ sí, kó wò ó dáadáa. Bí kò bá rí bí mo ṣe júwe rẹ̀, kó dá a padà láìgé, láìwọ̀ ọ́, màá san owó rẹ̀, màá san ti ọkọ̀ lé e. Màá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ mi àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù mi.

KỌ́LÁ: Kí gbogbo ẹni tó ń tajà lórí fóònù ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rajà, ẹ má sanwó fún ẹni tí kò ní àdírẹ́sì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú ẹrù, ẹ kọ̀wé sí oníṣòwò lọ́jọ́ tí ẹ bá rí àbùkù. Bó bá kọtí ikún, ẹ kọ̀wé sí FCCPC. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbèsè ni owó ọjà tó bàjẹ́, ẹni tó sì jẹ ẹ́ ló gbọ́dọ̀ san án.