Àdìrẹ Orí Bàbà

Nínú rédíò, tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà ni pátákó pẹlẹbẹ kan wà, tí ìlà bàbà ojú rẹ̀ ń gbé iná láti ẹ̀yà kan dé èkejì. Ní Avépozo, ní etí òkun ìlà-oòrùn Lomé, àwa mélòó kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe irú pátákó bẹ́ẹ̀ fúnra wa. Bí a bá ní kí wọ́n bá wa ṣe é ní Ṣáínà, owó ìfiránṣẹ́ lè ju owó pátákó lọ, ọ̀sẹ̀ a sì máa gorí ọ̀sẹ̀ kí ó tó dé.

Ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò tètè mọ ọgbọ́n iṣẹ́ yìí. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin aládìrẹ a máa fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un. Tónà, ìyẹ̀fun dúdú inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà, ni ẹ̀kọ tiwa. Bàbà ni aṣọ wa. Omi tí a ń pè ní perchlorure de fer ló dípò aró: ó ń jẹ bàbà, ṣùgbọ́n kì í rí ibi tí tónà bò jẹ.

Tónà kì í ṣe yíǹkì. Ike tí a lọ̀ kúnná ni, rọ́là gbígbóná inú ẹ̀rọ ló sì ń yọ́ ọ mọ́ ìwé. A ń tẹ àwòrán wa sórí ìwé dídán, ní òdìkejì bí ohun tí a rí nínú dígí, kí ó lè bọ̀ sípò nígbà tí a bá dojú rẹ̀ dé bàbà. Áyọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í tẹ ibi gbogbo dọ́gba. Nítorí náà ni a ṣe yọ àwọn rọ́là náà nínú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀, a dẹ ìdè wọn kí pátákó lè gba àárín wọn, a sì fi ẹ́ńjìnnì kékeré yí wọn jẹ́jẹ́. A kò yọ ẹ̀yà tí ń díwọ̀n ooru, kí iná má baà sọ.

Irú ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí ìlú wa. Ní 2013, ní WoeLab ní Lomé, Kodjo Afate Gnikou fi ẹ̀yà ẹ̀rọ tí wọ́n ti dànù kan W.Afate, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́, bàbà tí a jẹ kúrò ṣì wà nínú omi náà, májèlé sì ni. Àwọn kan nínú wa sọ pé omi ife kan kò lè ba òkun jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í pọn òkun mu. Kànga ni à ń pọn, iyanrìn sì ni ilẹ̀ Avépozo. Ohun tí a bá dà sí i kì í dúró lójú ilẹ̀. A fẹnu kò, a sì sọ ọ́ di òfin: a ń wọ ìbọ̀wọ́, a ń da omi náà sínú kẹ̀ẹ̀gì, a ń fi sódà ìfọṣọ sí i díẹ̀díẹ̀ nítorí pé ó ń hó, títí bàbà yóò fi silẹ̀ bí ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ náà ni a ń tọ́jú pamọ́ sínú ike tí a dé pa.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ògbólógbòó tí ẹ fẹ́ gbé lọ sí ààtàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e fún wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, kí ó mú kẹ̀ẹ̀gì tirẹ̀ dání.