OMI INÚ GÍLÁÀSÌ: Ẹ̀TỌ́ ẸJA LỌ́WỌ́ ẸNI TÍ Ó SÉ E MỌ́

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níhìn-ín ní Kàbà bi wá léèrè bóyá òun jẹ̀bi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹja òkun mẹ́ta wá láti Èkó. Wọ́n bu omi ẹ̀rọ sínú àpótí gíláàsì, wọ́n da iyọ̀ ọbẹ̀ sí i, omi náà mọ́ gaara. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ẹja náà ti kú.

A ní ẹni tí kò mọ̀ kọ́ ni ẹlẹ́bi. Ọ̀rọ̀ kù sí ọwọ́ ẹni tí ó bá ti mọ̀. Gbogbo wa ni a mọ hadiisi obìnrin tí ó so ológbò mọ́lẹ̀, tí kò fún un ní oúnjẹ, tí kò sì tú u sílẹ̀ kí ó wá jíjẹ fúnra rẹ̀. Gíláàsì ni okùn ti ẹja. Kò lè jáde lọ wá omi mìíràn.

Nítorí náà ni a ṣe wádìí. (Ìkíni wa ni wọ́n fi ń pe àwa Okun bẹ́ẹ̀, òkun oníyọ̀ jìnnà sí wa.) Lítà kan omi òkun ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀, ṣùgbọ́n magnesium, calcium àti potassium wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní tó. Iyọ̀ tí a pò fún ẹja òkun ni a ń rà, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Chlorine inú omi ẹ̀rọ ń pa kòkòrò fún wa, ṣùgbọ́n a máa jó ẹja níbi tí ó fi ń mí. Bí a bá gbé omi kalẹ̀ láìdé e fún ọjọ́ kan tàbí méjì, yóò fò lọ. Oríṣi kan wà, chloramine, tí kì í fò lọ bẹ́ẹ̀. Oògùn ni a fi ń pa á. Omi òjò orí páànù ńkọ́? Ó lè gbé zinc wá, bẹ́ẹ̀ ni bàbà sì burú fún edé ju fún ẹja lọ.

A kì í po iyọ̀ níbi tí ẹja wà. Inú garawa tí ọṣẹ kò kàn rí ni a ti ń pò ó, kí ẹ̀rọ kékeré máa rú u di ọjọ́ kejì, kí a tó wọ̀n ọ́n. Nígbà tí omi bá sì ń fà, iyọ̀ kì í bá a lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti gbé ọbẹ̀ pẹ́ jù lórí iná ti mọ̀. Omi tí kò níyọ̀ ni a ó fi dí i.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé omi tí a pò dáadáa pàápàá kò tíì tó. Ìgbẹ́ ẹja a máa di ammonia, májèlé ni. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ni wọ́n ń sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà burú, lẹ́yìn náà nitrate, tí ó rọ̀ díẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó fìdí múlẹ̀.

Iná mànàmáná wá ńkọ́, tí ẹ̀rọ bá dúró lóru? Àrọ̀ lè yọrí mí afẹ́fẹ́ lókè omi. Àwọn ẹja òkun tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ kò lè ṣe é. Ní tiwa, ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀, àrọ̀ ni kí ó sìn. Òun náà kò fẹ́ chlorine, ṣùgbọ́n kò béèrè iyọ̀ Èkó, ìyá ilé kò sì ní ráhùn nígbà tí ó bá tóbi.