Nínú Mélòó?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń lò ní Ṣàngó Ọ̀tà tí a kì í bi ní ìbéèrè kankan: ìdá. Bí a bá pín nǹkan sí ọ̀nà tó dọ́gba, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ìdá. Lójà, a kì í sábà nílò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gààrí á ní kọ́ńgò kan àbọ̀, ẹni tó fẹ́ búrẹ́dì á ní kí wọ́n gé ìlàjì fún òun, ó parí. Ìgbà tí pínpín bá kọjá méjì ni ọ̀rọ̀ máa ń di ti ìdá, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìdámẹ́wàá. Ní ìlú tí Canaanland wà, ta lẹ fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún? Onígbàgbọ́ tó gba 50,000 náírà mọ̀ pé 5,000 ni. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ "mẹ́wàá" kó wá rò pé ọ̀nà mẹ́wàá ni òun máa gbé sílẹ̀. Mẹ́wàá yẹn ń sọ iye ọ̀nà tí a pín owó sí. Ọ̀kan péré la ń mú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdámẹ́ta ṣe jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta, tí ìdámárùn-ún sì jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún.

Àmọ́ ìdá mẹ́ta tún wà, èyí tó ní àlàfo láàárín. Ìyẹn lè jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta gbáko, bí ìgbà tí èèyàn bá ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Lórí ìwé, àlàfo ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnu kì í pe àlàfo.

Àbúrò mi ọkùnrin máa ń já ẹrù tírélà ní ilé iṣẹ́ kan lágbègbè wa. Lọ́jọ́ kan, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn fẹ́ já tírélà tí owó rẹ̀ jẹ́ 30,000 náírà. Ọ̀gá tó ń bá wọn gba iṣẹ́ ní, "Ìdá mẹ́ta ni tèmi, ẹ̀yin ẹ pín èyí tó bá kù." Wọ́n ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: 10,000 tiẹ̀, 20,000 tiwọn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tiẹ̀ ti pọ̀ jù o, àmọ́ ebi ń pani. Nígbà tí àpò tó kẹ́yìn bọ́ sílẹ̀, 12,000 ló nà sí wọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mẹ́ta! Wọ́n figbe ta. Ó ní, "Ọ̀nà márùn-ún ni mo pín in sí. Ṣé n kò sọ pé ìdá mẹ́ta ni tèmi ni?" Ó sọ ọ́ lóòótọ́. "Nínú márùn-ún" ni kò sọ. Lójú tèmi, olè ni, àmọ́ olè tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ni.

Kì í ṣe àwọn tó ń já ẹrù nìkan ni irú èyí ń bá. Lọ́dún 1979, gbogbo Nàìjíríà ló dúró ti ìdá. Òfin ní ẹni tó máa di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 la ní nígbà náà. Ẹ ṣírò ó wò: méjìlá, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan. Shehu Shagari ti rí tirẹ̀ gbà ní méjìlá, àmọ́ ìbò rẹ̀ ní Kano kò pé ìdá kan nínú mẹ́rin. Fún àwọn Awólọ́wọ̀, ìpínlẹ̀ kì í ṣe búrẹ́dì tí èèyàn ń gé. 13 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ NPN, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano ti tó. Àbí ẹ ò rí i? Ìdá méjì nínú mẹ́ta kí ni: ti iye ìpínlẹ̀ ni, àbí ti ìbò inú ìpínlẹ̀ kan? Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Shagari láre. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún un, ó wá lọ dáko. Ọ̀tà níbí ni oko náà wà.

Mo ro gbogbo èyí fún àbúrò mi, mo sì ní kó máa béèrè "nínú mélòó?" kó tó gbà. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdá lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Kí wọ́n tó gbé àpò àkọ́kọ́, ọ̀gá á pe owó wọn ní náírà, á sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.