Ẹ Wo Ìgò

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sílé ní Ponyan, nílẹ̀ Okun wa. Mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fajú ro ti kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Bọ̀dá, ètò tí mo kọ yìí ń purọ́ fún mi."

Èdè Python ló fi kọ ọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ iṣẹ́ lédè C, ètò náà á rán GCC, ògbufọ̀ tí Richard Stallman gbé jáde lọ́dún 1987, pé kó sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. GCC kì í ṣara ètò náà o. Òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Àmọ́ bí GCC ò tilẹ̀ rí nǹkan kan ṣe, ètò ọmọ wa á ṣáà pariwo pé, "Ó parí!"

Mo sọ ìtàn kan fún un. Ọmọ ọdún 10 ni mí nígbà tí bàbá mi rán mi ní kẹrosíìnì ní Ìsánlú. N kò rí rà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "O ti dé?" Ẹ̀rù ẹgba bà mí, mo ní, "Mo ti dé, sà." Wọn ò wo ìgò. Lóru ọjọ́ náà ni ìyá mi rọbí. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti gbẹ̀bí àbúrò mi. Ọlọ́run ló yọ wá.

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o wo ìgò?"

Ó dákẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Bí GCC bá jíṣẹ́, òdo ló fi ń dáhùn. Bí kò bá rí i jẹ́, á fi nọ́ńbà mìíràn dáhùn, á sì ka ẹjọ́ lọ́tọ̀, títí kan ìlà tí àṣìṣe wà. Kò béèrè èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tún un ṣe.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó rán ni náà máa wo ìgò.