Èébì tó ń gbé ni níbẹ̀rẹ̀ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí

Ẹ́sítírójìn ló sábà máa ń mú kí èébì gbé obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn oníhóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Enovid, hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí àkọ́kọ́, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1960, ní máíkírógíráàmù ẹ́sítírójìn 150 nínú. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí kì í sábà ju 35 lọ. Ní ọ̀pọ̀ obìnrin, láàárín oṣù 2 sí 3, ara á ti mọ́ ọn lára, èébì náà á sì lọ.

Kó tó lọ, àsìkò ìlò ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá gbé e mì láàárọ̀ kó tó fi nǹkan kan sẹ́nu ló máa ń jìyà jù. Ó sàn kó jẹun alẹ́, ìbáà ṣe ẹ̀kọ díẹ̀, kó lò ó nígbà tó bá fẹ́ sùn, lákòókò kan náà lálaalẹ́. Bó bá bì kí wákàtí 3 tó pé, kó lo hóró mìíràn. Bó bá ń bì ju ọjọ́ kan lọ, kó máa lo kọ́ńdọ̀mù ná.

Èébì tó bá ń gbé ni ju oṣù 3 lọ di ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì: oògùn mìíràn wà tí kò ní ẹ́sítírójìn rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn pa oògùn tẹ́ ẹ ń lò tì láìsọ fẹ́nikẹ́ni. Oyún lè dé lóṣù yẹn gan-an.