Ẹ Wo Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ Ìpakà

Nínú ọgbà àwọn ajórin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọmọ́lé ní Èkó, níbi tí èéfín mọ́tò Bágà ti ń bá òórùn irin tí wọ́n ń jó pàdé, ẹ̀rọ ìpakà kan dúró lórí táyà méjì. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà ti họ lẹ́nu rẹ̀ níbi tí àgbàdo ti ń fara ha á, irin ibẹ̀ sì ń dán gbinrin. Ó ga dé èjìká àgbàlagbà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́líìtì méjì ló so wọ́n pọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Sípánà ni wọ́n fi ń tò ó, pẹ̀lú ojú àti etí ẹni tó mọ iṣẹ́.

Láti ẹnu rẹ̀, àtẹ pẹrẹsẹ kan ló kọ́kọ́ wà. Orí àtẹ yìí ni ọmọ iṣẹ́ ti ń ti irúgbìn wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlù, irin róbótó tí wọ́n jó eyín irin mọ́ lára yíká. Kọ́ńkéèfù wà lábẹ́ ìlù: àwọn ọ̀pá irin tí wọ́n tẹ̀ kó lè gba abẹ́ ìlù yí, tí hóró ń gba àárín wọn já sílẹ̀. Nínú ìdérí òkè, àwọn irin pẹlẹbẹ tó dagun ń darí pàǹtí láti ìpẹ̀kun kan lọ sí èkejì, títí ẹ̀rọ yóò fi tu ú dànù. Hóró tó bá já sílẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ fáànù pàdé. Fáànù á fẹ́ ìyàngbò lọ, asẹ́ tó ń mì jìgìjìgì á sẹ́ èyí tó kù, hóró mímọ́ á sì máa ṣàn sínú àpò.

Ìrẹsì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí fún. Ní àwọn ọdún 1970 ni ilé ìwádìí ìrẹsì IRRI ní Philippines tan án kálẹ̀ ní Éṣíà. Nígbà tó fi máa di 1997, ó ti dé Senegal, wọ́n sì sọ orúkọ tiwọn ní ASI. Bí a bá fẹ́ kó pa àgbàdo àti sóyà dáadáa, a gbọ́dọ̀ tún un tò, nítorí ìwà irúgbìn méjèèjì yàtọ̀ síra. Àgbàdo lẹ̀ mọ́ kùùkù, bí wọ́n bá sì ṣe ń fara ra ara wọn ni hóró ń ṣí. Èèpo fẹ́lẹ́ ló bo sóyà. Bó bá ti gbẹ, kò pẹ́ tó ń là, ṣùgbọ́n awẹ́ méjì ni hóró rẹ̀, bí eyín irin bá sì gbá a lágbàjù, awẹ́ á yà.

Àlàfo tó wà láàárín ìlù àti kọ́ńkéèfù ni ọ̀gá kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn. Fún àgbàdo, mílímítà 25 sí 30 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, kí kùùkù lè ráyè yí láìfọ́. Fún sóyà, wọ́n á sún un mọ́ra dé 10 sí 20. Ọ̀gá á tú bóòtù ọ̀tún àti òsì, á ki ọ̀pá tó ti gé sí ìwọ̀n bọ àlàfo náà, á rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, á sì dì í padà. Lẹ́yìn náà, á fọwọ́ yí ìlù yíká kí eyín kankan má baà kan irin kó tó tan ẹ́ńjìnnì.

Eré ló kàn, púlì ló sì ń pinnu rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan, tí púlì rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ti ìlù sì fẹ̀ ní 30, ìlù á yí ní ìgbà 600. Bí wọ́n bá fi púlì 40 pààrọ̀ rẹ̀, á wálẹ̀ sí 450. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: eré tó kéré jù lọ tó ṣì ń ṣí hóró tán ni eré tó tọ́.

Lẹ́yìn eré ni afẹ́fẹ́ àti asẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, hóró á bá ìyàngbò lọ. Bó bá kéré jù, ìdọ̀tí á kún àpò. Bí ihò asẹ́ bá fẹ̀ jù, àfọ́kù kùùkù á máa bá hóró já bọ́.

Ìgbà tí wọ́n bá tan án ni ìtò náà tó fi ara rẹ̀ hàn. Ariwo àgbàdo nípọn, ó ń dún gbàgbàgbà. Ti sóyà ń ta ṣáṣá. Ẹni tí kò mọ̀ á dúró níbi àpò, inú rẹ̀ á dùn pé hóró ń jáde. Ọ̀gá kì í dúró níbẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń lọ, níbi tí ẹ̀rọ ń tu pàǹtí sí, á bu ẹ̀kúnwọ́, á tú u wò. Hóró tó ṣì wà lára kùùkù tàbí nínú èèpo sóyà ń sọ pé àlàfo fẹ̀ jù tàbí eré kò tó. Bí kùùkù bá fọ́ yángá, tí hóró inú àpò sì là, eré ti pọ̀ jù tàbí àlàfo há jù. Bó bá jẹ́ hóró gidi tó ti ṣí ló wà nínú ìyàngbò, fáànù ló jẹ̀bi. Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀gá ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, á sì tún dán an wò. Bó bá yí méjì pa pọ̀, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Bí ẹ̀rọ bá dé oko, ojú ọjọ́ náà á tún dá sí ìtò rẹ̀. Lówùúrọ̀, ìrì ń mú èèpo sóyà le, kò fẹ́ là. Lọ́sàn-án, ó gbẹ, kò sì fẹ́ ìfipá. Ìwọ̀n omi bíi 13 nínú 100 ló dára jù fún pípa sóyà. Bí ọyẹ́ bá fà á gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń yára là. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ti mú irúfẹ́ sóyà bíi TGx 1448-2E jáde, èyí tí èèpo rẹ̀ kì í tètè là lóko. Àmọ́ kò sí irúgbìn tó lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìlù tó ń sáré jù.

Àdánù tí ìtò burúkú ń fà kì í ṣe ti oko nìkan. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Agége ń ra àgbàdo àti sóyà fún oúnjẹ adìyẹ; láti 1963 ni ilé iṣẹ́ Livestock Feeds ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Hóró tó là ń ṣílẹ̀kùn fún bu àti kòkòrò nínú ilé ìkẹ́rù, òróró sóyà tó fọ́ ń tètè kan, hóró tó là kò sì ṣe é gbìn. Ní ti hóró tó bọ́ sílẹ̀ lóko, àwọn tó ń wa kọ̀ǹbáìnì, ẹ̀rọ ńlá tó ń kórè tó sì ń pakà lórí ìrìn, ní ìṣirò kan: bí hóró sóyà bíi 43 bá wà nílẹ̀ lórí mítà kan níbùú lóròó, nǹkan bíi kílò 65 ló ti ṣòfò lórí hẹ́kítà kan. Ti àgbàdo, hóró bíi 22 ti tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ajórin tó ta ẹ̀rọ ìpakà láìkọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò ó kò tíì ta á tán. Kí ó fi ọ̀dà kọ àlàfo àti púlì tó yẹ irúgbìn kọ̀ọ̀kan sára irin náà. Kí ó fún àgbẹ̀ ní púlì kejì, asẹ́ kejì àti ọ̀pá ìwọ̀n, kó sì mú un dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kó jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tú pàǹtí wò kó tó san owó tó kù.