Ohun Tó Gbó La Fi Ń Tọrọ Ogbó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n àkísà àgbà ni ọmọ tuntun kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ògbólógbòó ìró ìyá àgbà la fi ń gbà á, nítorí pé ó ti rọ̀, ó sì ti mọ ara ènìyàn.

Ní ọdún 1999, mo lóyún àkọ́bí mi ní Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún márùn-ún nílé ọkọ. Wọ́n ń kí mi pé, 'Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o'; èmi nìkan ló mọ bí ẹ̀rù ti ń bà mí tó. Ìyá ọkọ mi kò gbà kí n ra ẹ̀wù ọmọ kí oṣù tó pé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi olùkọ́ léèrè ìdí tó fi ń ra ìwé?

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀ ni mo ti rí Aláwíyé J. F. Ọdúnjọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1974: 'aiye' ló wà níbẹ̀, kì í ṣe 'ayé'. Orúkọ ọmọ mẹ́ta ló wà nínú èèpo rẹ̀. Wọ́n ti fagi lé méjì. Igi wọ̀nyẹn ló fi ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ kan dàgbà, ó ka ìwé tirẹ̀ tán, ó fà á lé òmíràn lọ́wọ́.

Orúkọ ọmọ mi ló ṣe ìkẹrin. Nígbà tó yá, a fagi lé òun náà: àbúrò rẹ̀ ti tó ìwé é kà.